Orúkọ àti Ojúlé: Àyẹ̀wò Ìlà DOCTYPE

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìwé tí a tò sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú máa ń ní ìlà kan lókè tí ó ń sọ irú ìwé tí ó jẹ́. Ó yẹ kí àwa tí ń ṣètò ìwé kíkà fún Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mọ ohun tí ìlà náà ń wí, nítorí ó rọrùn láti ṣì í kà. Àpẹẹrẹ kan nìyí, láti ọdún 1999:

<!DOCTYPE HTML PUBLIC "-//W3C//DTD HTML 4.01//EN" "http://www.w3.org/TR/html4/strict.dtd">

Inú SGML, tí àjọ ISO fọwọ́ sí ní ọdún 1986, ni àṣà yìí ti ṣẹ̀. Èdè ìsàmì ni SGML: a fi ń sàmì sí ìwé pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀. Ìlà náà ní apá méjì pàtàkì. Èkíní ni orúkọ gbangba. Àmì "-" fi hàn pé olórúkọ kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìlànà ISO. W3C ni olórúkọ náà. DTD ni ìwé òfin tí ń sọ àmì tí a lè lò àti ibi tí a lè fi í sí. Èkejì ni ojúlé tí a ti lè rí ìwé òfin náà.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìpín yìí. Ẹni tí ó kó kúrò ní ojúlé kan kò torí bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ orúkọ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà ìwé òfin nílé lè fi orúkọ wá a, láìrìn dé ibì kankan.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò pẹ́. XML, tí ó jáde ní ọdún 1998, sọ ojúlé di dandan. Orúkọ di ohun tí a lè fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá ń sáré lọ sí ojúlé nígbà gbogbo. Ní ọdún 2008, W3C kéde pé ìbéèrè fún irú ìwé òfin wọ̀nyí ń tó mílíọ̀nù 130 lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kì í sábà yí padà. Nígbà tí HTML5 gba àṣẹ ní ọdún 2014, orúkọ àti ojúlé kúrò pátápátá; ó ku <!DOCTYPE html> nìkan.

Àbùkù tí ó kàn wá jù ni EN ìparí orúkọ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó dúró fún, ṣùgbọ́n èdè tí a fi kọ ìwé òfin ni, kì í ṣe èdè ìwé tiwa. Ẹni tí ó bá sọ EN di YO kò tíì sọ ìwé rẹ̀ di ti Yorùbá. Ó kàn dá orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni, ẹni tí ń fi orúkọ wá òfin kò sì ní rí i.

Àyè ọ̀tọ̀ ni a ń kọ èdè ìwé sí: <html lang="yo">. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. A lè kọ yo-BJ fún Yorùbá ti Benin, tí a ń fi ɛ àti ɔ kọ. Èdè Ṣábẹ̀ẹ́ sì ní àmì tirẹ̀ nínú ISO 639-3, èyí í ṣe cbj. Ti Ìdàáṣà ni idd. Bí a bá kọ en sí ìwé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè fún afọ́jú lè fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kà á. Bí a bá sì kọ yo nìkan, ẹni tí ń fi cbj wá ìwé Ṣábẹ̀ẹ́ yóò kọjá lára rẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: kí a lo ìlà kúkúrú fún irú ìwé, kí a má sì retí pé yóò sọ èdè fún wa. Ṣé ọ̀kan nínú Yorùbá ni Ṣábẹ̀ẹ́, àbí èdè tí ó dá dúró? Kọ̀ǹpútà kò lè dáhùn èyí. Àwa àti àwọn tí ń sọ ọ́ ni kí ó fẹnu kò, kí a tó kọ ọ́ sórí ìwé.