Ẹja Wo Ni? Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ Àwòrán Ẹja Lára Ẹ̀gbà Idẹ Ìjẹ̀bú

Fífi àwòrán ẹranko ṣe ọnà sára ọ̀ṣọ́ kì í ṣe àṣà ìran kan ṣoṣo. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ sí ìkọkànlá, àwọn alágbẹ̀dẹ Viking ní àríwá Yúróòpù dá ẹranko tí ó fi èékánná di etí ọ̀ṣọ́ mú, èyí tí ó ṣòro láti dárúkọ. Ti Ìjẹ̀bú yàtọ̀. Lára àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ ibẹ̀ ni àwòrán ènìyàn tí ẹja méjì wà ní ipò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń hàn, ẹja náà sì lórúkọ.

Douglas Fraser ṣe iṣẹ́ pàtàkì ní 1972 nígbà tí ó ṣe àyẹ̀wò irú àwòrán yìí ní Bìní àti ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, àléébù kan wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí ọ̀rọ̀ náà: mudfish ni wọ́n sábà máa ń pe ẹja náà. Orúkọ kan yìí da ẹja ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Ẹlẹ́ja ní ọjà Oyíǹgbò, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, kò jẹ́ pe àrọ̀ ní òjìjí.

Ìyàtọ̀ wọn kò fara sin. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ni àrọ̀ ní, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn dé ìdí ìrù. Mẹ́fà ni ti òjìjí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́, ó sì lè wọ́ kọjá lórí ilẹ̀. Ó bá aláṣẹ tí ń gbé láàrin ayé méjì mu. Òjìjí ní tirẹ̀ ń ta ènìyàn gìrì, agbára iná ara rẹ̀ lè tó 300 fólìtì. Ó bá aláṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mu. Bí orúkọ bá yí padà, ìtumọ̀ yí padà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá idẹ ti èyí lẹ́yìn. Ìda ni alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ fi mọ àwòrán kí ó tó fi amọ̀ bò ó, kí ó fi iná yọ́ ìda náà dànù, kí ó sì da idẹ sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi lẹ irùngbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Kò ṣèèṣì wà níbẹ̀.

Lóòótọ́, alágbẹ̀dẹ lè dín irùngbọ̀n kù kí ọnà lè gún, ó sì lè pa àmì ẹja méjì pọ̀. Nítorí náà, kíka irùngbọ̀n nìkan kò tó. Ó yẹ kí wọ́n wo lẹbẹ àti ìrù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá bá gba mudfish láìbéèrè, ó ti sọ ìmọ̀ tí ó wà nínú èdè rẹ̀ nù. Kí ó mú àwòrán ẹ̀gbà náà tọ ẹlẹ́ja lọ kí ó tó kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀.