Ahọ́n Kìnnìún Holland

Ta ló mọ bí ojú Floris Karùn-ún, tó jẹ oyè Holland, ṣe rí gan-an? Àwọn ìjòyè abẹ́ rẹ̀ ló pa á ní 1296. Ọdún 1578 ni Philips Galle, ọmọ Haarlem tó ń ṣiṣẹ́ ní Antwerp, gbé àwòrán àwọn tó ti jẹ oyè Holland jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, sún mọ́ àwòrán Floris, wàá gbà pé ènìyàn gidi ló dúró níwájú rẹ, bẹ́ẹ̀ ìlà lásán ni.

Láti ṣe irú àwòrán yìí, bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fín. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó síwájú, bí ẹni ń fín igbá. Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ìlà á sanra. Tó bá fúyẹ́, ìlà á tín-ín-rín títí á fi pòórá. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́po aṣọ àti dídán irin ti ń jáde. Òdì ni wọ́n sì ń fín gbogbo rẹ̀: kìnnìún inú àmì Holland tó máa kọjú sí òsì lórí bébà, ọ̀tún ló ń kọjú sí lára bàbà. Wọ́n á fi tàdáwà kùn ún, wọ́n á nù ún dànù kó ku ti inú ìlà, wọ́n á tẹ bébà tó tutù díẹ̀ lé e, ó di abẹ́ ẹ̀rọ. Fi ìka kan etí àwòrán náà, wàá mọ ibi tí bàbà ti tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ẹ̀yìn èyí ni akunwòrán máa ń gbà á, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í sábàá sí lórí bébà. Àmì Holland ni kìnnìún pupa lórí wúrà, tí ahọ́n àti èékánná rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ahọ́n yẹn kéré débi pé ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì ló lè wọ̀ ọ́. Bí búlúù náà bá ṣèèṣì kan pupa tí kò tíì gbẹ, àmì ìdílé bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi omi álọ́ọ̀mù àti àtè pa bébà náà kó má baà mu àwọ̀. Oje igi ni wọ́n fi po àwọ̀ ọ̀hún, ó ṣàn bí omi, kí ìlà lè máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìlà ti mú òjìji wá, ọ̀gá akunwòrán kì í tún un kùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń fún ní pupa díẹ̀. Ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn ló wú mi lórí jù.

Dirk Jansz. van Santen ti Amsterdam, tó kú ní 1708, lókìkí gan-an nídìí iṣẹ́ yìí. Wúrà gidi wà lára ohun tó ń lò. Ẹni tó bá ń ra irú àwòrán báyìí, kó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ ewé àtijọ́, tí wọ́n ń rí nínú ìpẹtà bàbà, máa ń jẹ bébà títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn mìíràn wà tí olówò ìgbà ẹ̀yìn kùn kó lè tà. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ki tó bo ìlà mọ́lẹ̀, mi ò lè pè é ní ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ Galle ni wọ́n sin sábẹ́ rẹ̀.