Okùn Létí Òkun

Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti ka ìwé tàbí wo eré orí ìtàgé, kí ó sì sọ ibi tó dùn àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe lórí òru ìlú kan. Ìlú náà ni Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, ìlú etíkun tí oòrùn rẹ̀ ń mú bíi tiwa, tí fàájì alẹ́ rẹ̀ sì lókìkí débi pé àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ òfúrufú láti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn ṣe é. Mi ò tíì débẹ̀ rí. Inú ìwé ni mo ti kà nípa rẹ̀, inú fọ́nrán fídíò ni mo sì ti wo kánífà wọn, èyí tí wọ́n máa ń ṣe kí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ń ṣáájú Àjíǹde tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí kánífà àwọn ará Pópó Àgùdà ní Èkó ti rí ẹbí rẹ̀ kan.

Mo mọ̀ pé òbí kan á ti máa béèrè pé, kí ló kan ọmọ ilé-ìwé girama nínú fàájì òru? Ìdáhùn mi kò gùn. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò lóru Bahia, orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́. Bí ẹnì kan bá ń fi orúkọ ilé wa pawó, ó yẹ ká yọjú wò ó.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òru Salvador ti dára jù lójú mi. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní baiana á gbé àga àti àtẹ wọn sí ìta. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Wọ́n á gbé epo pupa kaná, wọ́n á máa fi ṣíbí bu ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sì ti lọ̀, sínú rẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń dín. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀: àkàrà ni, jíjẹ ni. Ṣùgbọ́n àkàrà tiwọn tóbi tó ìkúùkù. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi ilá tí wọ́n ń pè ní caruru sínú rẹ̀, wọ́n á fi vatapá sí i, ìyẹn ohun rírọ̀ kan tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, omi àgbọn àti epo pupa rò pọ̀, wọ́n á wá kó edé gbígbẹ lé e. Bí oníàkàrà bá bi ọ́ bóyá o fẹ́ kó gbóná, ata ló ń sọ, kì í ṣe iná. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an.

Ní àdúgbò Rio Vermelho, tó wà létí òkun, ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà ni ojúde fàájì. Tábìlì á kún ìta, ẹni tó ń mu bíà á máa mu ún, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù á máa pariwo, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti àkàrà kan lọ á máa jẹ tirẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kan náà. Kò sí géètì. Ẹni tó gun mọ́tò bọ̀gìnnì wá àti ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá, ìlà kan náà ni wọ́n ń tò sí iwájú agbada. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí ló jẹ́ ọmọ òrìṣà, oúnjẹ Ọya ni wọ́n sì ka àkàrà sí, nítorí náà kì í ṣe ìpápánu lásán ni wọ́n ń tà. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, òfin FIFA fẹ́ lé àwọn oníàkàrà jìnnà sí pápá ìṣeré Fonte Nova ní Salvador. Àwọn obìnrin náà jáde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn pẹ̀lú gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ wọn, títí wọ́n fi gbà fún díẹ̀ nínú wọn láti wọlé tajà. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn, torí ẹ ó tún rí irú rẹ̀ níwájú: ohun tí ìlú fi ń yangàn ni wọ́n kọ́kọ́ tì síta.

Òru ọjọ́ kìíní mọ́jú ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ Yemọja ni. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn apẹja Rio Vermelho ti ń gbé ẹ̀bùn lọ fún un, òdòdó, lọ́fíńdà, díńgí, tí ọkọ̀ ojú omi á kó lọ sórí òkun lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ìlù àti ijó pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, ẹni tó bá sì ń wo ẹbọ bí ẹni ń wo eré kò tíì wò ó.

Kánífà gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ní ọdún 1950, ọ̀rẹ́ méjì kan tí wọ́n ń pè ní Dodô àti Osmar gbé ohun èlò orin olókùn oníná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ògbólógbòó mọ́tò Ford kan, wọ́n sì ń wà á kiri ìgboro. Ẹni tó bá fẹ́ jó tẹ̀lé wọn, kò san kọ́bọ̀. Mọ́tò kékeré yẹn ti di lọ́rì gàgàrà lónìí, tí olórin àti àwọn onílù dúró sórí rẹ̀, tí gbohùngbohùn bò ó láti òkè délẹ̀. Trio elétrico ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà etí òkun láti Barra lọ sí Ondina, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Wọ́n á rọra máa rìn bí ìgbín títí òru á fi jìn.

Ohun tí kò sí lọ́dún 1950 ni okùn. Wọ́n á fi okùn gígùn yí lọ́rì àti àwọn oníjó rẹ̀ ká. Ẹni tó bá sanwó nìkan ló lè wọ inú okùn, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà fún un ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ ṣẹ́ẹ̀tì náà: abadá. Agbádá wa ni! Àwọn tí kò sanwó wà lẹ́yìn okùn, wọ́n ń fún mọ́ra, wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Pipoca ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn gúgúrú. Àwọn olówó tí wọn ò fẹ́ rìn rárá wà lókè, nínú ibùjókòó alájà tí wọ́n kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, oúnjẹ àti ọtí wọn sì wà nínú owó tí wọ́n ti san. Ṣùgbọ́n okùn kò lè dá dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dì í mú lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń bá lọ́rì rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń fi ara ti èrò sẹ́yìn. Cordeiro ni wọ́n ń pe àwọn yẹn. Tálákà àti aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, owó iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń gbà, kò sì tó nǹkan. Orin ń dún lé wọn lórí, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ agbádá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, nínú ààwẹ̀ Ramadan, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, gbé ogun dìde nínú ìlú Salvador yìí kan náà. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn Ìmàle. Agbádá funfun ni wọ́n wọ̀ jáde lóru ọjọ́ náà. Ó lé ní 70 lára wọn tó kú. Wọ́n na àwọn mìíràn lẹ́gba, wọ́n kó àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Aṣọ tí wọ́n fi wá òmìnira lóru 1835 ni orúkọ rẹ̀ wá wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jó lójú títì. Mi ò sọ pé àwọn tó sọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lórúkọ ní èyí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ máa ń rìn jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àwọn tó ń gbèjà okùn ní àwíjàre tiwọn, kò sì burú délẹ̀. Wọ́n ní èrò pọ̀, olè pọ̀, ìjà máa ń ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ jó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án nílò ibi tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ní owó ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń sanwó olórin àti epo lọ́rì. Mo gba ti olórin. Ẹni tó fi gbogbo òru lùlù kò gbọdọ̀ lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ti ààbò ni mi ò gbà tán. Bí ìgboro bá léwu, ó léwu fún gúgúrú náà, okùn sì tún ń tì wọ́n mọ́ ògiri. Wọ́n ń fi owó ra ààbò fún àwọn díẹ̀, àwọn tí kò sanwó ló sì ń fún wọn láàyè. Ẹgbẹ́ olórin BaianaSystem ti ń jáde ní kánífà láìlo okùn, èrò sì ń kún títì fọ́fọ́ tẹ̀lé wọn. Mo wo fọ́nrán wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àyè kan á ṣí sílẹ̀ láàárín èrò bí òbìrípo, gbogbo wọn á sì ya wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí orin bá gbóná. Kò sí ẹni tó lè mọ ta ni ọmọ olówó níbẹ̀.

Ilê Aiyê le díẹ̀ láti ṣèdájọ́. Ilé Ayé lorúkọ náà. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Curuzu lọ́dún 1974, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ kánífà olówó kì í gba irú wọn. Ìlù ni tiwọn. Ní alẹ́ Sátidé kánífà, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ń gbà, ìwé ìròyìn kan ní Salvador sì bú wọn lọ́dún 1975 pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ ọ́ fún ní okùn ni ìyẹn náà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n tì sóde tó wá lọ kọ́ ilé tirẹ̀, kò tíì ti ẹnikẹ́ni sóde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Bahia nìkan ni mò ń wí. Àwọn àgbàlagbà ní Èkó ṣì ń sọ̀rọ̀ Bar Beach, níbi tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà lóru, tí àwọn ọmọdé ti ń gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún. Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní ọ̀pọ̀ etíkun Èkó lónìí, wàá sanwó ní géètì, wàá sanwó àga, wàá sanwó àtíbàbà, iyanrìn nìkan ni wọn ò tíì máa wọ̀n tà. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí àwọn ará òkè òkun bá wálé, iye owó tábìlì ni àwọn ọmọ kíláàsì wa fi ń ka òru tó dùn. Wọn kì í sọ orin tí wọ́n gbọ́, wọ́n máa ń sọ ibi tí wọ́n jókòó sí.

Mo ṣì ń wo fọ́nrán Salvador, torí orin náà dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ti kúrò lórí lọ́rì. Ẹ̀gbẹ́ ni mò ń wò, níbi tí okùn wà. Bí ẹ bá wo ọwọ́ àwọn tó ń dì í mú dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n máa ń fún wọn kí okùn má baà bó wọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.