Ìlù Jáàsì Kì í Ṣe Ariwo: Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àríyá tí àwa Yorùbá ń lò ní ìlú Jos yìí, ìlù jáàsì ti gba iwájú lọ́wọ́ dùndún, àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì ń lù ú. Nígbà tí àwọn akọrin bá dákẹ́, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí onílù dá lù, eré sísá ni a sábà máa ń gbọ́: ọwọ́ yá, ariwo pọ̀, èrò pàtẹ́wọ́, ó parí. Bí a bá béèrè ohun tí onílù sọ, kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Nílé, a mọ̀ pé ìlù ní ètò. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú àti omele ni wọ́n ń di àkókò mú, wọn kì í kúrò lójú kan. Ìyáàlù lè pòwe, ó lè kì ènìyàn, ó sì lè dákẹ́, nítorí pé àwọn omele kò jẹ́ kí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí, ìlù jáàsì kò lè ṣòro fún un láti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi Max Roach, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà (1924–2007), ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àwo rẹ̀ Drums Unlimited ti ọdún 1966, ó dá lu orin mẹ́ta láìsí fèrè, láìsí dùùrù. Ọ̀kan nínú wọn ni The Drum Also Waltzes. Ẹsẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ó lu ìlù ńlá lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹsẹ̀ kejì pa aro méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Omele nìyẹn. Ẹ̀yìn èyí ni ọwọ́ wọlé bí ìyáàlù. Ó sọ gbólóhùn kúkurú kan, ó sinmi, ó tún un sọ, ó fi òmíràn dá a lóhùn, ó yí i padà lóríṣiríṣi, ó wá padà sórí èyí tí ó kọ́kọ́ sọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lójú tiwa, ibi tí ọwọ́ ti sinmi ni ó dùn jù, nítorí pé ẹsẹ̀ ṣì ń lọ, a sì ń retí ọ̀rọ̀ tí ó kù.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1960, Babatunde Olatunji, ọmọ Àjìdó lẹ́bàá Badagry, wà lára àwọn tí ó lùlù nínú àwo We Insist! tí Max Roach ṣe. Art Blakey a máa fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ awọ ìlù kí ohùn rẹ̀ lè yí padà, bí onígángan ṣe ń fi apá fún ìlù tirẹ̀. Tony Ọládípọ̀ Allen, tí a bí ní Èkó ní 1940 tí ó sì kú ní Paris ní 2020, fetí sí àwọn méjèèjì dáadáa kí ó tó di onílù Fẹlá, tí ó bá ṣiṣẹ́ títí di 1979. Ní 2017, ó ṣe àwo olórin mẹ́rin láti fi bu ọlá fún Blakey. Tony kì í gbá ìlù bí ẹni ń jà. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ wọn kì í já ara wọn lẹ́nu.

Ẹnìkan lè sọ pé jáàsì kò lè pe orúkọ ènìyàn bí gángan. Òótọ́ ni. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa ni dùndún ń tẹ̀ lé. Jáàsì kò ní irú èdè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ètò ọ̀rọ̀ ni ó ní: ìbẹ̀rẹ̀, àsọtúnsọ, èsì, ìsinmi, ìparí. Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa òbí. Ọmọ tí a bí sí Tudun Wada tàbí Apata, tí ó ń sọ Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ dalẹ́, lè mọ dídún kàlàngú dáadáa. Bí ìyáàlù bá ń ki baba rẹ̀ lójú agbo, owó ni yóò rí tí wọ́n ń ná; kò ní gbọ́ oríkì. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ dùndún.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé ní ọjọ́ ẹgbẹ́ wa, kí onígángan máa sọ gbólóhùn kan ní ẹ̀sọ̀, kí àwọn ọmọ sọ ohun tí ó wí, kí á tó náwó. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń lu jáàsì jókòó ti onígúdúgúdú fún ọjọ́ díẹ̀. Nílé, kí á máa bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni omele níbí? Kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́? Níbo ni ó ti sinmi? Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó mọ èdè àyàn bí ẹni tí ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Èdè ni ó kù kí á fi lé wọn lọ́wọ́.