Morricone: Ọ̀mọ̀wé Orin Nínú Fíìmù Kaboi

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń wo fíìmù kaboi tipẹ́ kò ní ṣàì mọ orin The Good, the Bad and the Ugly (1966), tó ń dún bí ẹni pé ìkookò ń ké nínú aginjù. Ennio Morricone, ọmọ ìlú Róòmù ní ilẹ̀ Ítálì, ló kọ ọ́. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ń fun ìpè, òun náà kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ kíkọ orin sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Santa Cecilia lọ́dọ̀ Goffredo Petrassi, ògbólógbòó ọ̀gá.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó kàwé orin tó báyìí, tó wá lọ ń ṣe orin kaboi, ńṣe ló ta ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀. Èmi kò gbà. Inú iṣẹ́ ọjà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ti hàn.

Ẹ wo Once Upon a Time in the West (1968). Morricone ti kọ orin rẹ̀ kí wọ́n tó ya fíìmù, Sergio Leone sì ń gbé orin náà sí àwọn òṣèré létí bí wọ́n ti ń ṣeré. Èèyàn pàtàkì kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀, bí onílù ṣe ń fi oríkì kéde ọba kó tó yọ. Akọni ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, hàmóníkà ló ń fọn. Ìparí la tó mọ̀ pé ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti hàmóníkà náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà tó wà lọ́mọdé. Gbogbo bó ṣe ń fọn ọ́n, ẹjọ́ ló ń rò!

Síbẹ̀, The Mission (1986) ló ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú mi. Fèrè àlùfáà, ohùn akọrin ìjọ, ìlù àwọn ọmọ onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ pọ̀, ìkan kò bo ìkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yanjú kò lè dán an wò. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orin bo ọ̀rọ̀ òṣèré mọ́lẹ̀ nínú fíìmù wa, ẹ gbọ́ o.)

Fíìmù tó ṣe orin fún lé ní 400. Kò sí bí àwọn kan kò ṣe ní jọra jù. Wọn kò fún un ní Oscar lórí The Mission. Ọdún 2007 ni wọ́n fi ọ̀kan dá a lọ́lá, ó sì gba òmíràn ní 2016 lórí The Hateful Eight, tí kò tó èyí tí wọ́n fi dù ú. Ó kú ní 2020, lẹ́ni ọdún 91. Ẹ wá The Mission wò, kí ẹ sì fetí sí ìlù yẹn.