Akin Euba: Ǹjẹ́ Piánò Lè Sọ̀rọ̀ bí Ìyáàlù?

Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá ní Festac Town àti ní àyíká Amuwo-Odofin mọ̀ pé nítorí àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ àdúgbò náà. Ìbéèrè kan tí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ máa ń gbé dìde kò tíì tán nílẹ̀: bí ohun èlò orin bá jẹ́ ti òyìnbó, ǹjẹ́ orin tí a fi ṣe lè jẹ́ tiwa?

Akin Euba (1935–2020) fi ìka ara rẹ̀ dáhùn. Èkó ni a bí i sí. Ó kọ́ piánò ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti Èkó àti ti Pittsburgh. Síbẹ̀, nígbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, ní ilẹ̀ Gánà, ní 1974, ìlù dùndún ni ó ṣe ìwádìí lé lórí. Ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àyàn ni ó ń gbé lọ sórí piánò. African pianism ni ó pe ọ̀nà yìí.

Ẹ gbọ́ Scenes from Traditional Life (1970). Kò rọrùn láti bá a kọrin (ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì lè bínú dìde), ṣùgbọ́n ìlù wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni a ti fẹ́ kí ẹ̀yin olùdánwò ṣọ́ra. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé piánò yìí ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, a kò ní fún un ní máàkì kíkún. Nínú ọ̀rọ̀ bí ìwé, ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ a máa yọ́ gòkè, eléyọ̀ọ́ròkè nìyẹn. Onílù a fún okùn awọ ìlù mọ́ra, ìyọ́ náà a sì jáde. Ti piánò kò rí bẹ́ẹ̀: ìró kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Ní èrò tiwa, iṣẹ́ omele ni piánò Euba ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa. A kò sọ èyí láti bù ú kù. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n: nínú àwọn orin Yorùbá mẹ́fà tí ó ṣètò, ẹnu akọrin ni ó fi ọ̀rọ̀ sí, piánò kàn ń gbè é ni. Nínú Chaka, ó kó ìlù Áfíríkà mọ́ ohun èlò òyìnbó, kò sọ pé kí ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Ní kíláàsì, kí ìyáàlù kọ́kọ́ dún, kí a tó gbé Euba sí i.