Fífọ Fíìmù Pẹlẹbẹ Nínú Ilé ní Akobo

Fíìmù pẹlẹbẹ ni fíìmù tí wọn kì í ká bíi róòlù: ẹyọ kan, àwòrán kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ ínǹṣì 4 sí 5. Àwọn kan jẹ́ 5 sí 7, àwọn mìíràn sì tó 8 sí 10. Kámẹ́rà tó ń lò ó kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń dúró sí, ayàwòrán á sì fi aṣọ dúdú borí lẹ́yìn rẹ̀ kó tó rí ohun tí dígí rẹ̀ gbé wá. Inú họ́dà ni fíìmù ń wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ike ni ara fíìmù náà. Ojú kan ike náà ni wọ́n fi jẹ́látì tó ní èròjà fàdákà nínú bò. Òun ni ojú oògùn, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ fífọ̀ dá lé. Ẹyọ 8 sí 10 kan ṣoṣo fẹ̀ tó odindi róòlù olójú 36, ẹyọ 4 sí 5 mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀. Ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn tí iṣẹ́ alẹ́ kan á jẹ.

Ọwọ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú ti mọ́ iṣẹ́ yìí kí róòlù kékeré tó gbòde. Ní Benin City, Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán ààfin Ọba, ṣí Ideal Photo Studio ní 1942; àwo gíláàsì àti fíìmù ló ń fọ̀. Ní Bamako, Seydou Keïta, tó ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀ ní 1948, ń lo kámẹ́rà sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18, nẹ́gátíìfù rẹ̀ sì tóbi débi pé bó ṣe wà ló ń tẹ̀ ẹ́ sí bébà, láìlo ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di ńlá. Ní Ìbàdàn níbí, ìlú tí Akobo wà, J. D. ’Okhai Ojeikere, ẹni tí àwòrán irun dídì rẹ̀ padà gbajúmọ̀ káàkiri ayé, wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1954 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn Iléeṣẹ́ Ìròyìn. Àǹfààní tí àwọn àgbà iṣẹ́ rí lára fíìmù ńlá ṣì wà níbẹ̀: ó fẹ̀ tó láti fi pẹ́ńsù tó mú tún àpá ojú oníbàárà ṣe lórí nẹ́gátíìfù fúnra rẹ̀.

Òkùnkùn ni ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè, òkùnkùn birimù tí ènìyàn kò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú ilé Akobo, láti General Gas títí dé Ojurin, balùwẹ̀ ló dára jù fún un. Fèrèsé rẹ̀ sábà máa ń kéré, ọ̀rá dúdú ìlọ́po méjì àti téèpù tó lágbára sì tó láti dí i. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n ń ká sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ ló yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn kò ní lè wá ihò kankan gbà wọlé.

Iná ìjọba ni ewu tó kù. Bí iná bá lọ, kì í sẹ́ni tó ń rántí bóyá súwíìṣì balùwẹ̀ wà ní títàn tàbí ní pípa. Ayàwòrán á ti kó ẹyọ mẹ́fà sínú abọ́, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú oògùn, àfi bí àwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!”, tí gílóòbù tàn lórí rẹ̀, tí gbogbo fíìmù sì dúdú bí èédú. Yíyọ gílóòbù kúrò lójú ihò rẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe, pípa súwíìṣì nìkan kò tó. Fóònù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jókòó síta. Wọ́n lè gba ohùn tó ń ka ìṣẹ́jú sílẹ̀ sórí rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn òkùnkùn, omi ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ Akobo ti yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń tẹ̀ jáde, 20 dígírì ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Omi kànga àti ti bóòhóòlù níbí kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. 26 tàbí 27 ló wọ́pọ̀, èyí tó wà nínú táǹkì dúdú tó ti yá oòrùn láti àárọ̀ sì lè kọjá 30 nírọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni oògùn ń yára tó. Ìṣirò tó súnmọ́ òótọ́ ni kí wọ́n máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá àsìkò fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Fíìmù FP4 Plus ti Ilford ń gba ìṣẹ́jú 11 ní 20 dígírì nínú ID-11, dẹfẹ́lọ́pà (oògùn tó ń mú àwòrán jáde) tí wọ́n fi omi là ní ìdajì-ìdajì. Ní 26, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣì dára. Èyí tó bá wálẹ̀ ju márùn-ún lọ ló léwu, nítorí oògùn á ti jẹ apá kan fíìmù kó tó kan apá kejì dáadáa, ojú ọ̀run inú àwòrán á sì rí ṣákaṣàka bí aṣọ tí wọn kò fọ̀ délẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí wọ́n fi omi là gan-an fi bá ibí mu ju ògidì lọ: ó ń dá àsìkò tí ooru jí gbé padà.

Píọ̀ wọ́tà ló ń gba ayàwòrán sílẹ̀ nínú ọ̀ràn ooru yìí. Wọ́n á ti kó ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin sínú fíríìsà láti àná. Wọ́n á to abọ́ oògùn sínú abọ́ ìfọṣọ ńlá tó ní omi, wọ́n á wá ju omi dídì náà, tòun tọ̀rá, sáàárín wọn. Tẹmọ́mítà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: 28, 27, 25. Bó bá kan 24, wọ́n á yọ ọ̀rá kúrò. Jíju omi dídì tààrà sínú oògùn kò dára, torí á là á ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì pọn dandan kí wọ́n fi tipátipá lé omi dé 20: 24 tó dúró sójú kan sàn ju 20 tó ń gòkè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Gbogbo abọ́, títí kan omi ìṣanfọ̀, ló gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà. Fíìmù tó bá kúrò nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́ sínú omi tútù nini, jẹ́látì rẹ̀ á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ àbàtà tí ẹ̀ẹ̀rùn pa, kò sì sí àtúnṣe. Ní ilé tí kò ní fíríìsà rárá, àwọn àgbà máa ń po sodium sulphate mọ́ dẹfẹ́lọ́pà kí jẹ́látì má baà wú jù nínú ooru.

Omi inú ọ̀rá kan náà ló dára láti fi po oògùn, nítorí omi bóòhóòlù máa ń ní èròjà ilẹ̀ nínú. Ọ̀rá méjì tó bíi lítà kan, ife oníwọ̀n á sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dẹfẹ́lọ́pà tó rọrùn jù láti pò nílé ni D-23: metol gíráàmù 7.5 àti sodium sulphite gíráàmù 100 nínú lítà kan, ó parí. Rodinal, tí wọ́n ti ń tà láti 1891, jẹ́ olómi, ó sì ń pẹ́ nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó mú un wúlò fún ẹni tí kì í fọ fíìmù lóòrèkóòrè. Omi tí wọ́n fi fínígà díẹ̀ sí ló ń dá dẹfẹ́lọ́pà dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fíkísà, èyí tó ń kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò bà kúrò, kí àwòrán lè rí ojú ọ̀sán.

Orúkọ tí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ń pe fíkísà ni háípò, orúkọ yìí sì gba àkíyèsí. Ẹni tó bá béèrè háípò ní ìsọ̀ Akobo lónìí, omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun ni wọ́n á nà sí i. Àwọn méjèèjì kò bára tan. Háípò ayàwòrán ni sodium thiosulphate, tí John Herschel ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1819 pé ó ń yọ́ iyọ̀ fàdákà. Háípò ìsọ̀ ni sodium hypochlorite, tó ń jẹ jẹ́látì kúrò lára fíìmù, tó sì ń tú èéfín olóró jáde bó bá pàdé fínígà. Nínú balùwẹ̀ tí wọ́n ti dí fèrèsé rẹ̀ pa, ọ̀ràn ẹ̀mí nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ sí ìgò rẹ̀ kankan nítòsí iṣẹ́.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ fíìmù pẹlẹbẹ, abọ́ ló ti pẹ́ jù, òun náà ló sì kọ́ ọwọ́ jù. Abọ́ ike pẹrẹsẹ mẹ́rin ni, tí wọ́n fi díẹ̀ fẹ̀ ju fíìmù lọ, wọ́n á sì tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún: omi lásán, dẹfẹ́lọ́pà, omi fínígà, fíkísà. Bí wọ́n bá ti tò ó lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa tò ó lọ títí ayé, nítorí ìka ló ń rí i, kì í ṣe ojú. Kí èékánná kúrú, kí òrùka kúrò lọ́wọ́. Kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́ pẹ̀lú, torí metol máa ń mú kí awọ ara àwọn kan sú, ẹni tó bá sì ti bá jà lẹ́ẹ̀kan, kì í fi í sílẹ̀ mọ́.

Àmì gígé kéékèèké kan wà ní igun fíìmù. Bí wọ́n bá dì í mú ní òòró, tí ìka ìfábẹ̀lá sì kan àmì yìí ní igun òkè lápá ọ̀tún, ojú oògùn ló kọjú sí ẹni tó mú un. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rì sínú omi lásán, kì í ṣe gbogbo wọn lápapọ̀. Gbígbẹ méjì tó bá pàdé nínú omi á lẹ̀ mọ́ra bí ewé ẹ̀kọ, bí wọ́n bá sì fi agbára yà wọ́n, ojú oògùn á bó. Èyí tó ti rẹ fún ìdajì ìṣẹ́jú á di yọ̀ọ̀rọ̀, á sì máa yọ́ lórí èkejì rẹ̀. Nínú dẹfẹ́lọ́pà, wọ́n á da ojú oògùn délẹ̀, wọ́n á máa fa ti ìsàlẹ̀ pátápátá jáde, wọ́n á gbé e sórí, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ rì. Bí ẹyọ mẹ́fà bá wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á sì yí ká láàárín 30. Àmì gígé ẹyọ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ sí òdìkejì ti àwọn yòókù, kí ìka lè mọ̀ pé yípo kan ti parí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Igun fíìmù mú bí abẹ, ìkánjú ló sì ń fi í ya ojú oògùn èkejì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró sínú òkùnkùn tó bẹ́ẹ̀ lè lo páìpù. Páìpù PVC oní-ínǹṣì méjì tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì fi ìdérí dé tẹ̀yìn tọrùn, gba ẹyọ 4 sí 5 kan tí wọ́n ká, ojú oògùn sínú. Bí wọ́n bá ti dé e pa, wọ́n lè tan iná, kí wọ́n sì máa yí i lórí omi. Oògùn díẹ̀ ló ń jẹ, fíìmù kì í sì í họ. Àwọn mìíràn ń ká fíìmù bí ewé mọ́ínmọ́ín, wọ́n á fi rọ́bà dè é, wọ́n á sì kó mẹ́rin sínú táńkì tí wọ́n fi ń fọ róòlù. Ojú ibi tí rọ́bà bá ti fún un jù kì í sábà dọ́gba. Fíìmù X-ray tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọwọ́. Abẹ́ iná pupa ni wọ́n ti ń fọ èyí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ojú á sì rí bí àwòrán ṣe ń jáde. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì rẹ̀ ló sábà ní oògùn, nítorí náà ó tètè ń họ.

Ohun tó mú fíìmù pẹlẹbẹ níye lórí ju gbogbo ìyókù lọ ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ní àsìkò tirẹ̀. Róòlù kò lè ṣe é: ojú 36 ni yóò gba ìyà kan náà. Ká ní bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí gbàgede ní aago kan ọ̀sán nínú oṣù kejì, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀, awọ ojú rẹ̀ dúdú, fìlà sì ṣíji bò ó. Bí wọ́n bá ya ojú rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì fọ̀ ọ́ ní àsìkò inú ìwé, agbádá á funfun gbòò, iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ á pòórá. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n fún ojú ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó nígbà yíyà, kí wọ́n sì yọ ẹyọ náà kúrò nínú dẹfẹ́lọ́pà kí àsìkò rẹ̀ tó pé, bí ìdá kan nínú márùn-ún kó tó pé. Ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán máa ń tètè parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tó funfun ló ń dàgbà títí dé òpin. Àìdúró dé òpin yẹn ló ń jẹ́ kí òwú ara agbádá ṣeé kà. Ẹyọ tí wọ́n yà lábẹ́ ìkúùkù òjò ní oṣù keje, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe fún un: wọ́n á fi àsìkò kún un kí ó má baà rí játijàti. Ansel Adams àti Fred Archer ló ṣètò ìmọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1940, ṣùgbọ́n agbádá lábẹ́ oòrùn Ìbàdàn ló ń jẹ́ kó yé ènìyàn.

Nínú fíkísà, iná lè tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Ìlọ́po méjì àsìkò tí funfun wàrà ara fíìmù fi pòórá ló yẹ kó lò níbẹ̀. Ṣíṣàn kò gba omi ẹ̀rọ tó ń dà ṣáá. Nínú páìpù tàbí táńkì, omi mẹ́ta ló tó ní ọ̀nà tí Ilford là sílẹ̀: kí wọ́n mi àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkejì lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìkẹta nígbà ogún. Omi tó kẹ́yìn ni kó jẹ́ píọ̀ wọ́tà, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan péré, kí èròjà inú omi má baà gbẹ sí i lára. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ ni wọ́n fi ń gbé e kọ́ ní igun kan. Lásìkò ọyẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ balùwẹ̀ kí eruku lè jókòó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì ní tan fáànù.

Fíkísà tó ti ṣiṣẹ́ ní fàdákà nínú, kò sì yẹ kí wọ́n dà á sí ẹ̀bá kànga. Kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, máa ń gba fàdákà náà sára.

Fíìmù tó gbẹ kì í gbé inú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin oṣù kẹfà á mú un bu. Àpò bébà ló ń gbé, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń dé. Ìpamọ́ ló jẹ́ kí iṣẹ́ Alonge tún rí ojú ayé, tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian fi ṣe àfihàn rẹ̀ ní Washington ní 2014, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ara àpò náà ni wọ́n ń kọ ọjọ́, ooru omi, orúkọ oògùn àti iye ìṣẹ́jú sí. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kí wọ́n tó ti fíìmù bọ inú rẹ̀, nítorí bírò tí wọ́n bá fi kọ ọ́ lẹ́yìn náà á tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ojú oògùn.